Ẹ Má Mira

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Tàkíé, gbólóhùn kan ló gbé e ró:
Ẹ má mira.
Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ẹ pa ẹnu dé, ẹ má mira.
Fọ́tò fọ́ọ̀mù ìdánwò, fọ́tò ìwé ìrìnnà,
fọ́tò arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan mọ ìdí tí wọ́n fi ń yà á.

Lánàá, wọ́n mú mi lọ síbi tí ara kì í ti í dúró.
Ilé ìkẹ́rù kajú ni, lọ́nà Ìlọrin.
Kajú ti lọ sókè òkun, òórùn rẹ̀ ò bá a lọ.
Háádìkọ̀ ni wọ́n pe orin ọ̀hún.
Mo ní ta ló bí wọn nínú tó báyìí?
Láoṣebìkan tó ń kọrin ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà máa yà á."

Páìpù omi ni wọ́n tò, wọ́n fi wáyà dì í pọ̀,
òun ni odi láàárín èrò àti pèpéle.
Àlàfo tó kù gba ẹsẹ̀ mi méjèèjì àti báàgì,
kòtò ni wọ́n ń pè é.
"Orin mẹ́ta péré," ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ló wí bẹ́ẹ̀,
"kò sí fíláàṣì. Tó bá ti di mẹ́ta, kí ẹ jáde."

Orin kìíní ò tó ìṣẹ́jú kan.
Mo ṣì ń wá ojú wọn nínú ihò kámẹ́rà, ó ti tán.
Ohun tí mo rí mú ni ìgbọ̀nwọ́ kan, wáyà,
àti èéfín jẹnẹrétọ̀.

Orin kejì, etí kọ́ ni mo fi gbọ́ ọ, egungun ẹ̀yìn ni.
Jọláadé ń na ìlù rẹ̀
bí ẹni tó bá ejò nínú yàrá ọmọ.
Páìpù ń tẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi, àyà ọgọ́rin ènìyàn ló wà lẹ́yìn rẹ̀.
Bàtà kan fò kọjá lórí mi, ti òsì ni,
ẹni tó ni ín tẹ̀ lé e,
ó já lé mi léjìká, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà,"
ó sì padà sínú èrò.

Mo gbójú sókè. Láoṣebìkan.
Òun ni mo mú jókòó lórí àpótí lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn,
fọ́tò fọ́ọ̀mù girama,
ọjọ́ kejì tí wọ́n sin bàbá rẹ̀.
Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wí fún un:
Pa ẹnu dé, ọmọ yìí, má mira.
Ó pa á dé.
Ẹnu ọ̀hún ló là sílẹ̀ lókè orí mi yìí,
mò ń wò ó títí dé ọ̀nà ọ̀fun,
ìka mi ò sì tẹ nǹkan kan.

Orin kẹta, jẹnẹrétọ̀ húkọ́, ó kú.
Wọn ò dúró. Nínú òkùnkùn ni wọ́n ti ń bá a lọ,
àfi ìgbà tí ẹnì kan ké pé, "Ó ti ṣubú!"
Gbogbo èrò yà sọ́tùn-ún sósì bí omi ti í yà fún òkúta.
Ọwọ́ tí mi ò lè kà gbé e dìde.
Ẹnì kan tan iná fóònù,
ẹlòmíràn na dígí ojú kan sókè:
"Ta ló ni ín? Ta ló ni ín?"
Mo ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀, mo ń kà á lọ́kàn, ení, èjì,
ọwọ́ èmi fúnra mi ń gbọ̀n.
Orin mẹ́ta ti pé. N kò jáde.

Láàárọ̀ yìí mo tú wọn wò, igba ó lé mọ́kànlá.
Ẹnu tí kò ní orí, ẹsẹ̀ tí kò ní ilẹ̀.
Nínú ọ̀kan ṣoṣo, ohun gbogbo ṣàn bí epo,
àyàfi dígí yẹn lókè, ó dúró gbọnin,
iná kékeré kan nínú rẹ̀.

Ọmọ kan ti wọlé, ó mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́,
ó ti jókòó sórí àpótí, ó ń mi ẹsẹ̀.
Mo gbé kámẹ́rà.
N kò tíì sọ̀rọ̀.